Sátidé Update: Ìrírí Mi Pẹ̀lú Kọ̀ǹpútà Ilé Ní Ìkòròdú

Ẹni tó bá ra laptop tòkunbọ̀ ní Ìkòròdú, ì báà jẹ́ Sábó ló ti rà á, ì báà jẹ́ pé ó wọkọ̀ dé Computer Village ní Ìkẹjà, oore kan wà tí ẹni tó tà á fún un máa ń ṣe fún un láìjẹ́ pé ó bẹ̀ ẹ́. Ọmọkùnrin tó bá a fi Windows sí i á pa ẹ̀rọ náà dé, á rẹ́rìn-ín, á ní: "Ẹ má ṣèyọnu, mo ti bá yín pa update rẹ̀. Kò ní máa jẹ yín ní dátà." Oníbàárà á dúpẹ́. Ẹlòmíì á tún fún un lówó mineral. Láti ọdún mélòó kan wá, iṣẹ́ tí mò ń ṣe ládùúgbò wa kò ju pé kí n máa jí ohun tí àwọn ọmọ wọ̀nyẹn pa.

Tíṣà kọ̀ǹpútà ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan lọ́nà Ìgbógbó. Orúkọ yẹn nìkan ti tó. Kọ̀ǹpútà tó bá ti ń ṣe ségesège láti ojúlé wa títí dé ìta títì, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé e wá, yálà mo ti jẹun alẹ́ ni o, yálà mi ò tíì jẹ. Bàbá Onílé ní desktop àtijọ́ kan tó fi ń rí àwọn ọmọ rẹ̀ tó wà ní Kánádà. Ìyá Ìbejì tó ń gbé lókè ń ta àǹkárá lórí íntánẹ́ẹ̀tì, inú laptop rẹ̀ ni gbogbo àwòrán ọjà àti orúkọ oníbàárà wà. Alhaja tó ń ta òkú Èkó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Sábó ń fi tirẹ̀ kọ gbèsè. Tiwa náà wà nínú ilé: tèmi, ti ìyàwó mi, àti ti ọmọ wa tó ń kàwé ní LASUSTECH.

Mi ò kì í bá ẹni tó pa update jà, nítorí mo mọ ohun tó lé e débẹ̀. Update aládàáṣe Windows, ìyẹn àtúnṣe tí kọ̀ǹpútà ń fúnra rẹ̀ gbà láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, ilé tí iná kì í lọ ni wọ́n wò ṣe é. Ohun tó wà lọ́kàn àwọn tó ṣe é ni pé tí ẹ bá ń sùn lóru, kọ̀ǹpútà yín á wà ní títàn lórí tábìlì, iná á wà lára rẹ̀, íntánẹ́ẹ̀tì tí a kì í ka iye rẹ̀ á sì wà nílé. Wọ́n tiẹ̀ ṣe ètò kan sínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Active hours, kí ẹ fi sọ àkókò tí ẹ ń ṣiṣẹ́ fún un, kó má bàa tún ara rẹ̀ tàn mọ́ yín lójú. Wákàtí 18 ló pọ̀ jù tí ẹ lè yà sọ́tọ̀ fún ara yín. Ìyókù, tirẹ̀ ni.

Ó dáa. Ẹ wá wo ará Ìkòròdú tó ń ṣiṣẹ́ ní Island. Kó tó di aago 5 ìdájí, ó ti wà ní garage, kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Mile 12 má bàa ká a mọ́. Laptop rẹ̀ wà nínú báàgì ní pípadé. Aago 9 alẹ́ ló wọlé, iná ò sí, ó ṣí laptop, ó fi hotspot fóònù sí i kó lè yára fi iṣẹ́ kan ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni update á jí, nítorí ìgbà àkọ́kọ́ tó fojú kan íntánẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ náà nìyẹn. Dátà á tán, bátìrì á lọ sílẹ̀, iṣẹ́ ọ̀gá ò ní lọ. Tí ẹni bẹ́ẹ̀ bá ní kí wọ́n bá òun pa á, ta ló máa dá a lẹ́bi?

Nítorí náà, ohun tí mò ń sọ nílé tí mo bá wọ̀ ni pé kí wọ́n má pa á, kí wọ́n má sì fi í sílẹ̀ kó máa ṣe bó ṣe wù ú. Kí wọ́n dá ọjọ́ fún un. Tiwa ni Sátidé tó bá tẹ̀lé Ìṣẹ́gun kejì nínú oṣù.

Ìṣẹ́gun kejì yẹn kì í ṣe ọjọ́ tí mo kàn mú. Láti oṣù Kẹwàá ọdún 2003 ni Microsoft, iléeṣẹ́ tó ṣe Windows, ti sọ ọ́ di àṣà pé ọjọ́ náà ni wọ́n á máa kó àtúnṣe ààbò oṣù jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí àwọn tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà lè mọ ìgbà tí wọ́n á múra sílẹ̀. Aago 10 àárọ̀ ni, ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà lọ́hùn-ún. Ní ọ̀dọ̀ wa, aago 6 ìrọ̀lẹ́ nìyẹn, tàbí aago 7 nígbà òtútù tí wọ́n bá ti dá aago wọn padà.

Kí ló wà nínú rẹ̀ gan-an? Ihò ni wọ́n ń dí. Ẹnì kan á rí àlàfo kan nínú Windows tí olè lè gbà wọlé, Microsoft á ṣe ohun tí wọ́n á fi dí i, wọ́n á kó o mọ́ ti oṣù yẹn. Ibi tí kò yé ọ̀pọ̀ èèyàn, tó sì jẹ́ pé òun ló ń bà mí lẹ́rù jù, ni pé ọjọ́ tí wọ́n bá dí ihò náà ni gbogbo ayé mọ̀ pé ihò wà níbẹ̀. Ẹ fojú inú wo onílé kan tó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn dání láàárín àdúgbò tó ń kéde pé, "Kọ́kọ́rọ́ kan náà ló ń ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn gbogbo ilé mi o, kí ayálégbé wá gba àgádágodo tuntun." Ẹni tó lọ gbà á ti bọ́. Ẹni tó ní òun ò ráyè, àwọn olè náà kúkú wà nídùúró níbẹ̀, wọ́n gbọ́ ìkéde. Àwọn ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń tú àtúnṣe oṣù palẹ̀, wọ́n á fi wé ti tẹ́lẹ̀, wọ́n á rí ibi tí ihò wà, wọ́n á wá máa wá ẹni tí kò tíì dí tirẹ̀ kiri.

Bó ṣe rí lọ́dún 2017 nìyẹn. Ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ni Microsoft gbé àtúnṣe jáde fún ihò kan tó wà níbi tí Windows ti ń pín fáìlì láàárín kọ̀ǹpútà sí kọ̀ǹpútà. Ọjọ́ 12 oṣù Kàrún-ún ni fáírọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ WannaCry dé. Ó ń ti inú kọ̀ǹpútà kan bọ́ sí òmíràn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tẹ nǹkan kan, ó ń ti fáìlì pa, ó ń béèrè 300 dọ́là ní Bitcoin. Kọ̀ǹpútà tó lé ní 200,000 ló kó sí wàhálà rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè bí 150. Ní England, àwọn ilé ìwòsàn ìjọba ń dá aláìsàn padà sílé. Ohun tí wọn ì bá fi dènà rẹ̀ sì ti wà nílẹ̀ fún nǹkan bí oṣù méjì, lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé Microsoft tún padà ṣe àtúnṣe fún Windows XP tí wọ́n ti pa tì láti ọdún 2014.

Ti Alhaja kò dé etí ayé, àmọ́ ó dun òun ju ti England lọ. Ọmọ tó ń bá a jókòó sí ṣọ́ọ̀bù ló lọ wá ayédèrú sọfitíwíà kan, èyí tí wọ́n ti já kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, tí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kó kọ́kọ́ pa antivirus kó tó fi sí i. Ó pa á. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ìwé gbèsè tí Alhaja ń kọ sínú Excel ti yí orúkọ padà, kò ṣeé ṣí mọ́, lẹ́tà kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń béèrè owó. Ó ránṣẹ́ sí mi.

"Tíṣà, wá bá mi wo nǹkan yìí. Àwọn tó jẹ mí lówó ti di èdè tí mi ò gbọ́."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Alhaja. Ṣé ẹ ò tíì san nǹkan kan fún wọn?"

"Kí n san kí ni? Èmi tí wọ́n jẹ lówó ni màá tún wá sanwó?"

Mi ò ní purọ́ fún yín, update nìkan kọ́ ni ì bá gbà á sílẹ̀. Ọmọ yẹn fọwọ́ ara rẹ̀ ṣílẹ̀kùn ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo yẹ inú ẹ̀rọ náà wò dáadáa, mo rí i pé ẹni tó pa update níjọ́ tí wọ́n rà á, nǹkan méjì ló pa pọ̀. Microsoft Defender, ẹ̀ṣọ́ tó bá Windows wá, ọ̀nà update kan náà ni ìròyìn nípa fáírọ́ọ̀sì tuntun ń gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, léraléra lójúmọ́. Ẹni tó bá dí ọ̀nà yẹn, ẹ̀ṣọ́ náà á ṣì máa jókòó sẹ́nu ọ̀nà o, àmọ́ olè àtijọ́ nìkan ló dá mọ̀. Ọ̀pọ̀ tó ní kí wọ́n bá àwọn pa update rò pé ohun ńlá tó ń jẹ dátà nìkan ni àwọn pa. Ẹnikẹ́ni ò sọ ìyókù fún wọn.

Ní ti gbèsè, Alhaja rí díẹ̀ tún kọ láti inú ìwé ńlá tó ń lò kó tó máa fi kọ̀ǹpútà ṣe é. Àwọn tó kù, ẹni tó bá bẹ̀rù Ọlọ́run ló wá san. Láti ìgbà náà, hard disk kan wà nínú àpótí rẹ̀ nílé, ọmọ rẹ̀ obìnrin ló máa ń da ìwé gbèsè sínú rẹ̀ kí a tó fọwọ́ kan update kankan, á sì yọ ọ́ kúrò lára ẹ̀rọ lẹ́yìn náà. Kí a máa yọ ọ́ yẹn ṣe pàtàkì, nítorí irú fáírọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀ máa ń ti gbogbo disk tó bá bá lára ẹ̀rọ pa pẹ̀lú.

Nígbà tí mo ní a máa dá update padà, ìbéèrè oníṣòwò ló bi mí: "Ti gbogbo oṣù tí a ti jẹ sílẹ̀ ńkọ́? Ṣé ẹ̀ẹ̀kan náà la máa san án?" Rárá. Lórí Windows 10 àti 11, èyí tó bá jáde lóṣù yìí ti kó gbogbo ti ẹ̀yìn dání. Ẹni tó ti fi ọdún kan sá fún un kò ní fa méjìlá wọlé, ẹyọ kan ló máa fà. Ibi tó ti le díẹ̀ ni tí ẹ̀dà Windows náà fúnra rẹ̀ bá ti kọjá àkókò. Ti Alhaja rí bẹ́ẹ̀. A ní láti kọ́kọ́ gbé e gòkè dé 22H2, èyí tó kẹ́yìn nínú Windows 10, ìyẹn sì jẹ gigabyte mélòó kan. Dátà òru la fi ṣe é. Kódà Windows 11 ní irú rẹ̀: 23H2 ti àwọn ilé kò rí àtúnṣe oṣooṣù gbà mọ́ láti oṣù Kọkànlá ọdún 2025. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má kàn sọ pé "Windows 11 ni tèmi" kó sì lọ sùn.

Dátà ló gba ọgbọ́n jù. Kò dìgbà tí èèyàn bá pa update kó tó lè ṣọ́ dátà rẹ̀. Windows ti fi bọ́tìnnì síbẹ̀ tí àwọn tó ń pa á kì í fi hàn yín, bóyá nítorí pé àwọn náà ò mọ̀ pé ó wà. Ẹ ṣí Settings, ẹ wọ Network & internet, ẹ tẹ orúkọ hotspot tí ẹ ń lò, ẹ ó rí ibi tí wọ́n kọ Metered connection sí. Ẹ tàn án. Ohun tí ẹ sọ fún Windows ni pé díẹ̀díẹ̀ la ń ra dátà nílé yìí. Láti ìgbà náà lọ, àwọn kéékèèké tó ṣe kókó ṣì lè wọlé, àmọ́ èyí tó ń jẹ dátà á dúró títí ẹ ó fi fọwọ́ ara yín tẹ Download. Hotspot kọ̀ọ̀kan lẹ máa ṣe é fún o. Ọmọ mi ṣe é fún fóònù tirẹ̀, ó wá lọ so laptop mọ́ fóònù ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní hostel, dátà ọ̀rẹ́ ni update gbé mì. Ìjà yẹn kò kàn mí.

Router ilé, a ò fi Metered sí i. Ohun tí à ń ṣe síbẹ̀ ni Pause updates, tó wà nínú Windows Update. Ó lè dá a dúró fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ sì lè fà á gùn dé ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Tiwa kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, títí di òru Ẹtì ni. Tí aago 12 bá lù, tí dátà òru ti rọjú, mo máa ń tú tèmi sílẹ̀ kó fà á wọlé. Ìwọ̀n rẹ̀ kì í dọ́gba: oṣù míì, megabyte ọgọ́rùn-ún mélòó kan ni, oṣù míì, ti Windows 11 á kọjá gigabyte kan. Lábẹ́ Advanced options, bọ́tìnnì kan wà tó ń jẹ́ Delivery Optimization, tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà tó ti gba update pín in fún àwọn tó wà lórí Wi-Fi kan náà. Tí ti ìyàwó mi àti ti ọmọ bá jí láàárọ̀ Sátidé, ọ̀dọ̀ tèmi ni wọ́n ti ń gba púpọ̀ nínú rẹ̀, a ò tún dátà rà. Àmọ́ Devices on my local network ni kí ẹ yàn níbẹ̀. Tí ẹ bá yan èkejì tó ní internet nínú, dátà yín lè máa bá àjèjì pín update kiri ayé. Inú rere yẹn ti pọ̀ jù fún ẹni tó ń jí lóru nítorí dátà.

Ìṣòro iná kò tó bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rù rẹ̀, tí èèyàn bá ti mọ ibi tí ewu wà. Tí iná bá lọ nígbà tí update ṣì ń wọlé, kò sí nǹkan tó bàjẹ́, tí iná bá dé á máa bá a lọ. Ibi ẹlẹgẹ́ ni ìgbà tí kọ̀ǹpútà bá ti tún ara rẹ̀ tàn, tí àwọn àmì róbótóróbótó ń yí lójú rẹ̀, tó ń ka ìdá nínú ọgọ́rùn-ún, tó ní kí ẹ má pa òun. Kódà tó bá kú mọ́ yín lọ́wọ́ níbẹ̀, Windows sábà máa ń mọ̀ pé òun ò parí iṣẹ́. Á kọ ọ́ sójú pé Undoing changes, á sì padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Sábà ni mo wí. Mo ti rí èyí tí kò padà, tó jẹ́ pé flash la fi tún Windows fi sí i látòkèdélẹ̀.

Laptop, ẹ jẹ́ kí bátìrì rẹ̀ kún, kí ṣájà sì wà lára rẹ̀. Bátìrì tòkunbọ̀ máa ń purọ́. Ó lè kọ 60 sójú kó kú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ dán an wò lọ́jọ́ mìíràn kí ẹ mọ ìwà rẹ̀. Desktop Bàbá Onílé kò ní bátìrì rárá, kò sì sí UPS. Èmi ò ṣe tirẹ̀ lórí iná àwọn oníná. Jẹ́n ni mo ní kí wọ́n tàn, nítorí jẹ́n, a mọ iye epo tó wà nínú rẹ̀, a sì mọ ìgbà tó máa kú. Iná tó wà lára òpó, kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tó máa lọ.

"Tíṣà, ṣé bẹntiróòlù mi ni ẹ̀rọ òyìnbó yìí tún máa jó?"

"Bàbá, kò ní ju ìdajì bọ́ọ̀lù kan lọ."

"Ìdajì bọ́ọ̀lù. Ṣé èyí tí wọ́n fi àfikún àkókò sí ni àbí èyí tí kò sí?" Wọ́n ní kí Risi lọ tan jẹ́n.

Àwọn kan máa ń bi mí pé tó bá jẹ́ lóòótọ́ ni ihò náà léwu tó bẹ́ẹ̀, kí la ń dúró de Sátidé sí? Ìbéèrè gidi ni. Update náà máa ń ní àléébù tirẹ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 2021, èyí tó jáde lọ́jọ́ 9 mú kí àwọn Windows 10 kan máa dákú, kí ojú wọn di búlúù, tí wọ́n bá ti ní kí irú àwọn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan tẹ ìwé. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni Microsoft tún un ṣe. Ní oṣù Keje ọdún 2024, òmíràn mú kí àwọn kọ̀ǹpútà kan máa béèrè kọ́kọ́rọ́ BitLocker, àgádágodo tí Windows fi ń ti disk pa, nígbà tí wọ́n bá tàn wọ́n, tí ẹni tó ni ín kò sì mọ̀ pé òun ní nǹkan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ díẹ̀ tí a fi dúró yẹn, à ń jẹ́ kí àwọn tó kánjú kọ́kọ́ pariwo ni. Tí mo bá sì rí i nínú àkọsílẹ̀ Microsoft fún oṣù náà pé àwọn olè ti ń lo ihò kan lọ́wọ́, mi ò dúró de Sátidé kankan, Ọjọ́rú ni mo ń ṣe é. Tèmi ló máa ń ṣáájú nígbà gbogbo. Tó bá tàn dáadáa, tó tẹ ìwé, tó rí Wi-Fi, kí n tó kan ti Ìyá Ìbejì, nítorí ọjà ló wà nínú tirẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, kọ́kọ́rọ́ BitLocker yẹn, tí laptop yín bá tuntun díẹ̀, ẹ wọ àkántì Microsoft yín kí ẹ wò ó, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Kí ẹ má kọ ọ́ sínú laptop kan náà.

Ohun tí mo máa ń bá lọ́pọ̀ ilé ni pé wọ́n ti gba update tán, àmọ́ wọn ò tíì tún ẹ̀rọ tàn. Ọmọ mi lè máa pa laptop rẹ̀ dé, kó máa ṣí i, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, kí àmì kékeré aláwọ̀ ọsàn máa wà lára bọ́tìnnì ìtànpa, kó máa wò ó. Títí tí kò bá tíì ṣe Restart, ihò náà ṣì ṣí sílẹ̀. Shut down lásán kò sì tó, nítorí Windows kì í pa gbogbo ara rẹ̀ tán tí a bá tẹ ìyẹn, ó ń fi apá kan pa mọ́ kó lè tètè tàn lọ́jọ́ kejì. Update and restart ni kí ẹ wá, tàbí Update and shut down tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ sùn.

Bí mo ṣe ń mọ̀ pé ó wọ̀ ọ́ lóòótọ́ rọrùn. Ìyá Ìbejì kì í gbé laptop wá mọ́. Ó máa ń tẹ bọ́tìnnì Windows, á kọ winver, á ya fọ́tò àpótí kékeré tó bá jáde, á fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Nọ́ńbà tó wà níbẹ̀, mo máa ń fi wé ti orí tèmi. Tí ẹ̀dà Windows wa bá jọra, tí nọ́ńbà náà sì bára mu, ó parí. Ó fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí mi rí lálẹ́ ọjọ́ kan tí kì í ṣe Sátidé wa, fọ́tò ìkìlọ̀ pupa kan tó ní Windows rẹ̀ ti gbó, kó tẹ ibí kó gba update. Inú aṣàwákiri (browser) ni nǹkan náà ti yọ jáde, lórí ibi tó ti ń wo fíìmù. Mo ní kó pa á dé. Windows kì í gba inú Chrome tàbí Edge bẹ èèyàn pé kó wá gba update, inú Settings nìkan ló ń jókòó sí. Òun fúnra rẹ̀ sọ ohun tó jẹ́ kó fura: "Ẹ̀gbọ́n, mo mọ̀ pé Sátidé wa kò tíì tó."

Ó wá ku ọ̀rọ̀ Windows 10. Ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft ṣíwọ́ àtúnṣe oṣooṣù ọ̀fẹ́ fún un, ó sì jẹ́ pé Windows 10 ló wà nínú ọ̀pọ̀ laptop tó wà ládùúgbò wa. HP EliteBook 840 G3 tí gbogbo èèyàn ń rà, ṣípù Intel ti ìran kẹfà ló wà nínú rẹ̀. Windows 11 kò gbà á, ìran kẹjọ sókè ló ń fẹ́, pẹ̀lú TPM 2.0, ẹ̀yà ààbò kan tó wà nínú kọ̀ǹpútà. Ìdí nìyẹn tí irú rẹ̀ fi pọ̀ lọ́jà. Àwọn iléeṣẹ́ òkè òkun ń kó wọn dànù, àwa ń rà wọ́n ní tòkunbọ̀. Ọgbọ́n wà tí àwọn kan fi ń fipá gbé Windows 11 sórí rẹ̀, ó sì máa ń ṣiṣẹ́. Microsoft ti sọ pé àwọn ò ṣèlérí update fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, nítorí náà mi ò ṣe é fún ẹni tó bá ní owó tàbí ọjà nínú tirẹ̀.

Desktop Bàbá Onílé, mo fi Linux Mint, ètò mìíràn tó ń gba ipò Windows, sí i. Ọmọ Kánádà àti ìwé ìròyìn ni gbogbo ohun tí wọ́n ń wò, inú aṣàwákiri ni méjèèjì wà. Update tirẹ̀ ní àmì asà kékeré kan nísàlẹ̀, kì í fipá tún ara rẹ̀ tàn, jẹ́n sì ti sinmi. Wọ́n ṣàròyé lórí àwọ̀ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn náà wọn ò sọ ọ́ mọ́.

Ti Alhaja kò lè rí bẹ́ẹ̀, nítorí Excel tó ń lò kì í ṣiṣẹ́ lórí Linux Mint. Àǹfààní ọdún kan wà tí Microsoft fi sílẹ̀ kí àwọn kọ̀ǹpútà ilé lè ṣì máa gba àtúnṣe ààbò Windows 10, ESU ni wọ́n ń pè é, ó ń lọ títí di ọjọ́ 13 oṣù Kẹwàá ọdún 2026. Ẹ̀dà 22H2 ló ń fẹ́, àti àkántì Microsoft. Ẹni tó bá gbà kí àwọn ètò kọ̀ǹpútà rẹ̀ máa lọ sínú àkántì náà kò ní san nǹkan kan. Ẹni tí kò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, 30 dọ́là ni. Inú Windows Update náà la ti forúkọ sílẹ̀. A ò san kọ́bọ̀.

"Tó bá wá di oṣù Kẹwàá ńkọ́?" ni ohun tí Alhaja bi mí.

Mo ní òmíràn la máa rà, kó má sì dá lọ. Tí a bá dé ọjà, mi ò ní kọ́kọ́ béèrè iye RAM. Màá ní kí wọ́n tàn án, kí a wò ó nínú About bóyá ìran kẹjọ sókè ni, kí a kọ tpm.msc kó sọ fún wa bóyá 2.0 ló ní. Lẹ́yìn náà la tó máa dúnàá dúrà. Ó ti dá àjọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ẹlẹ́ja ẹgbẹ́ rẹ̀, oṣù Kẹsàn-án ló máa kó o.